Àmì X pupa lára ilé l'Ógbómọ̀ṣọ́: ta ló ń kùn ún, kí ló sì ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Ilé alájà kan ń lọ lókè ní àdúgbò wa, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH. Iṣẹ́ ti dé ojú fèrèsé òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn bíríkìlà débẹ̀, wọ́n bá àmì X pupa lára ògiri iwájú, ó ga tó ilẹ̀kùn. Ọ̀dà náà ò tíì gbẹ tán, ó ń ṣàn wá sílẹ̀ lójú búlọ́ọ̀kù. Wọ́n kọ déètì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ "STOP WORK" sí i. Kó tó di ọ̀sán, fọ́tò ògiri náà ti wà lórí WhatsApp gbogbo àdúgbò. Ẹnìkan ní káńsù ni. Ẹlòmíràn ní ìjọba àpapọ̀ ló fẹ́ fẹ ọ̀nà. Ẹnìkan tí kò tiẹ̀ gbé ìlú ní kí gbogbo onílé tó wà níbẹ̀ tètè máa kó ẹrù. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé náà ní kí wọ́n ṣáà má débi tábìlì òun.

Irú ariwo yìí ti di ohun tí etí wa mọ̀, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí àti ní Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Ọ̀dà pupa á jáde, ìròyìn á sáré jù ú lọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an kò sì ní mọ ilẹ̀kùn tí òun fẹ́ lọ kàn. Ìdí ni pé gbogbo ẹni tó bá mú bébà àti ọ̀dà wá síwájú ilé la máa ń pè ní "ará káńsù". Kì í rí bẹ́ẹ̀.

Ta ló ń kun X yìí gan-an?

Kì í ṣe ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló ní ọ̀dà pupa. Àwọn tí X wọn pọ̀ jù lára ilé ni àwọn tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Town Planning. Ní ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ́fíìsì wọn sábà máa ń wà, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá rí wọn tí wọ́n ń jáde láti ọgbà káńsù á gbà pé alága ló rán wọn. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Òfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń lò, àwọn ọ̀gá wọn sì wà ní Ìbàdàn, ní Sẹkitéríàtì Agodi. Àwọn ló ń wò ó bóyá ilé ní pláànù tí ìjọba bu ọwọ́ lù, bóyá ó sún mọ́ ọ̀nà, odò tàbí fẹ́ńsì aládùúgbò jù, bóyá ilé tí wọ́n gba àṣẹ rẹ̀ fún gbígbé ti di ilé ìtajà tàbí ilé ìjọsìn, bóyá àjà kan tí wọ́n kọ sínú ìwé ti di mẹ́ta lójú ọ̀run.

Káńsù fúnra rẹ̀ tún yàtọ̀, ìyẹn alága, àwọn kánsẹ́lọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, méjì ni: ti Àríwá tó wà ní Kìnnìrá, àti ti Gúúsù tó wà ní Àrówómọ́lẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lápá ìparí rẹ̀: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ará ìlú, ìkólẹ̀kódọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé, owó orí ilé, àmójútó ìsọ̀, kíóòsì, ilé oúnjẹ àti pátákó ìpolówó. Nítorí náà, kọ́ńténà tó jókòó sórí gọ́tà ní Tákìé, tàbí ìsọ̀ pákó tó ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ wọ ojú títì lẹ́nu ọjà, káńsù ní ẹnu níbẹ̀ tààrà. Bóyá ilé alájà mẹ́ta ló yẹ kó wà lórí ilẹ̀ kan tàbí kò yẹ, ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n kà sílẹ̀ fún un.

Ọwọ́ káńsù náà ni àwọn wolé-wolé wà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìmọ́tótó ilé wò. Àwọn ọmọ òde òní lè má mọ orúkọ yẹn mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n ti sá pa kòkò omi wọn mọ́ nítorí wolé-wolé mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀sùn tiwọn kì í ṣe ti pláànù. Ṣalangá tí kò dára, sókéwéè tó ń tú sójú ọ̀nà, ilé ńlá tí wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ ogójì sí tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ ò ju méjì lọ. Wọ́n lè fún onílé níwèé láti tún un ṣe, wọ́n sì lè gbé e lọ sí kóòtù tó bá kọ etí ikún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀nà tó ti Ìbàdàn wá sí Ọ̀yọ́, tó gba Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sí Ìlọrin, ọ̀nà wọn ni. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bíi mítà 45 láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ wọn mítà 45 láti àárín títì yẹn á rí iye ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú rẹ̀. Bákan náà ni àwọn tó ni wáyà iná ńlá: lábẹ́ wáyà 132kV, mítà 30 ni ó yẹ kó ṣófo, ìyẹn 15 lọ́tùn-ún, 15 lósì, lábẹ́ 330kV, ó di 50. X tiwọn kì í béèrè pláànù. Kódà tí pláànù bá wà, ibi tí ilé dúró sí ni ẹjọ́ wọn.

Ṣé káńsù ló ni àṣẹ lórí ilé kíkọ́ ni, àbí ìpínlẹ̀?

Ìpínlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà débẹ̀ gùn díẹ̀, ó sì ṣàlàyé ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi lọ́jú pọ̀.

Láti ìgbà òyìnbó ni òfin ètò ìlú ti wà. Èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 1946 ló kọ́kọ́ kárí ìlú àti ìgbèríko. Nígbà tó di 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ dé, ó fi ilẹ̀ inú ìlú sábẹ́ gómìnà, ó fi ti ìgbèríko sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìyẹn sọ ẹni tó lè fúnni níwèé ilẹ̀. Kò sọ bí ilé ṣe máa dúró lórí rẹ̀. Lọ́dún 1992, ìjọba ológun ti Babangida gbé Dìkírì 88 jáde, òun ló pín iṣẹ́ ètò ìlú sọ́nà mẹ́ta: kọmíṣọ́n fún ìjọba àpapọ̀, bọ́ọ̀dù fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti aláṣẹ ètò ìlú fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Látinú dìkírì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti mú un pé káńsù ló ń fọwọ́ sí pláànù ilé.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní 2003, àwọn adájọ́ dá a pé ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀ pátápátá, pé ìjọba àpapọ̀ kò lẹ́nu níbẹ̀ àyàfi ní Abuja. Láti ìgbà náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀, òun náà ló sì ń pinnu iye iṣẹ́ tó máa fi sọ́wọ́ ọ́fíìsì tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ẹni tó kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́ fi lè rí i pé fáìlì òun ń rin ìrìn-àjò lọ sí Ìbàdàn, tí ọ́fíìsì tó wà nítòsí kò sì ju ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé, tí wọ́n ti ń wá yẹ ilẹ̀ wò.

Àwọn kan ti ń sọ ọ́ káàkiri pé ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 ti yí gbogbo èyí padà, pé káńsù ti gba òmìnira. Owó ni ìdájọ́ yẹn dá lé: pé kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà, kí gómìnà má sì máa yan ìgbìmọ̀ fìdíhẹ lé wọn lórí. Kò kan pláànù ilé.

Mo ní ìwé ilẹ̀ mi. Kí ni wọ́n tún ń wá lọ́wọ́ mi?

Ìbéèrè tó ń bí èèyàn nínú jù nìyí. Onílé á kó fáìlì sílẹ̀, á ní: "Ẹ wò ó, rìsíìtì mọ̀lẹ́bí tó ta ilẹ̀ rèé, àgírímẹ́ǹtì rèé, ìwé survey rèé, C of O rèé. Kí ló kù?" Pláànù ló kù.

Rìsíìtì àti àgírímẹ́ǹtì ń sọ pé ẹnìkan tà, ẹnìkan rà. Ìwé survey ń sọ ibi tí ilẹ̀ náà dúró sí lórí máàpù àti bó ṣe gùn tó, ó sì wúlò láti fi wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí máàpù ìpínlẹ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà. C of O ń sọ pé gómìnà mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ náà fún iye ọdún kan. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé kó kọ́ ohunkóhun. Àní, ẹni tó bá ka C of O rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ á rí i pé wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó gba àṣẹ kó tó kọ́lé. Mélòó nínú wa ló kà á débẹ̀?

Pláànù tí ìjọba bu ọwọ́ lù ló ń sọ irú ilé tó máa dúró síbẹ̀, bó ṣe máa ga tó, iye àyè tó máa fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò, ibi tí omi máa gbà jáde, ibi tí mọ́tò máa dúró sí. Àwọn nǹkan tí wọ́n sábà ń béèrè láti fọwọ́ sí i ni àwòrán ilé láti ọwọ́ ayàwòrán-ilé tó forúkọ sílẹ̀, ìwé survey, ẹ̀rí owó orí, àti tó bá jẹ́ alájà, àwòrán bí irin àti kọnkéré ṣe máa gbé e dúró, láti ọwọ́ ẹnjiníà tó ní òǹtẹ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀. Fún iṣẹ́ ńlá, òfin 1992 fi àyẹ̀wò ipa rẹ̀ lórí àyíká kún un: ilẹ̀ ilé gbígbé tó bá ju hẹ́kítà 2 lọ, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tàbí ilé ọ́fíìsì tó bá ga ju àjà mẹ́rin lọ.

Kí ló wà láàárín X àti katakata tó ń wó ilé?

Ohun tí ìròyìn WhatsApp máa ń fò dá nìyí. X kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tó ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ kan ti débẹ̀, ó rí nǹkan tó rò pé ó lòdì sófin, ó sì fẹ́ kí onílé yọjú.

Ní ilé tó ṣì ń lọ lọ́wọ́, ìwé dáwọ́-iṣẹ́-dúró ló máa ń ṣáájú. Wọ́n á fún onílé tàbí ẹni tí wọ́n bá níbẹ̀. Tí kò bá sí ẹnikẹ́ni, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ̀. Ìwé náà máa ń ní déètì, nọ́ńbà, orúkọ ọ́fíìsì tó kọ ọ́, ẹ̀sùn, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún onílé láti wá. (Bíríkìlà tó bá ya ìwé yẹn dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ onílé kò ṣe é lóore. Ọjọ́ ti ń kà.) Tí onílé bá yọjú pẹ̀lú pláànù, ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Tí kò bá ní, wọ́n á wá wọn ilé, wọ́n á fi ohun tó wà nílẹ̀ wé ohun tí òfin fẹ́.

Níbi wíwọ̀n yìí ni ọ̀nà ti pín. Ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní àbùkù kankan ju pé kò gba ìwé, wọ́n lè ní kó wá gbà á báyìí, pẹ̀lú owó ìtanràn lórí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe irú rẹ̀ lọ́dún 2024, wọ́n fún àwọn onílé tí kò ní ìwé láǹfààní ọjọ́ 90 láti wá tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Ẹni tí apá kan ilé rẹ̀ lòdì, wọ́n lè ní kó yọ apá yẹn: bálíkóní, àtẹ̀gùn, fẹ́ńsì, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi kún iwájú. Ẹni tó yí ìlò ilé padà, wọ́n lè ní kó dá a padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ilé tó bá dúró sójú odò, sábẹ́ wáyà iná, sórí ilẹ̀ ọ̀nà, tàbí tó ti ń yẹ̀, òun ló sábà máa ń dé orí ìwé ìwólulẹ̀. Ìyẹn náà tún ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí, wọ́n sì lè kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ti ibẹ̀ pa.

Lórí bébà nìyẹn. Lójú títì, ọ̀pọ̀ onílé ń ráhùn pé ìwé àkọ́kọ́ tí àwọn rí ni ti ìwólulẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà ń sọ pé àwọn ti fún wọn níwèé lẹ́ẹ̀mẹta, pé òru àti ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń da kọnkéré lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, ẹ̀dà ìwé àti déètì ló máa ń sọ ẹni tó jàre.

Kí ló dé tí èèyàn fi ń kọ́lé láìgba ìwé?

Owó àti ìdádúró ni ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ẹ bá bi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Láti ìgbà tí LAUTECH ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1990, oko tó yí ìlú ká ti ń di púlọ́ọ̀tì. Agbègbè bíi Under G àti Adenike tó jẹ́ pé koríko ló wà níbẹ̀ nígbà kan ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́. Mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ ló ń gé e tà, wọn kì í sì dúró de ẹni tó máa ya máàpù kí wọ́n tó gé. Púlọ́ọ̀tì kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Nígbà tí owó kò tó, wọ́n dá ìlàjì sílẹ̀: 50 sí 50.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń béèrè ni mítà 6 níwájú àti mítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àti lẹ́yìn, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 àti 10. Ẹ yọ 10 lọ́tùn-ún, 10 lósì kúrò nínú 50: ó ku 30. Ẹ yọ 20 níwájú, 10 lẹ́yìn: ó ku 20. Ilé tó lè dúró síbẹ̀ láìtẹ òfin lójú kò ju 30 sí 20 lọ, ẹsẹ̀ bàtà 600 nínú 2,500. Kò tó ìdá mẹ́rin ilẹ̀ tó fi owó rà. Ẹni tó ta ilẹ̀ náà fún un kò sọ èyí. Àwọn tó ra ìlàjì lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ náà kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí kálukú bá kọ́ tirẹ̀ dé ojú ààlà, ògiri á fara kan ògiri, mọ́tò panápaná kò ní rí ibi kọjá, omi òjò á sì gba iyàrá ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ jù.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gba pláànù nítorí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé tí àwọn ní lọ́kàn kò lè bá ilẹ̀ tí àwọn rà mu. Ti owó ìwé wá di ọ̀rọ̀ kejì.

Ọ̀nà ẹ̀yìn náà wà níbẹ̀, a ò sì lè fi í pamọ́. Ojúlùmọ̀ mi kan san owó fún àwọn kan tó ní Town Planning ni àwọn. Kò rí rìsíìtì gbà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, òṣìṣẹ́ mìíràn dé pẹ̀lú ọ̀dà, ó béèrè ìwé, kò sì sí ìwé. Kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ nítorí kò lè fi ojú kò ẹni tó gba owó náà mọ́.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gé tíkẹ́ẹ̀tì káńsù. Ìsọ̀ mi ṣe wá lòdì sófin?

Ẹjọ́ àwọn ọlọ́jà nìyí, ó sì wúwo lójú wọn: ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ mi láràárọ̀ kò lè sọ lọ́sàn-án pé kò yẹ kí n wà níbẹ̀. Èsì tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fọ̀ ni pé owó òòjọ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì, pé ẹni tó ń gé e kò wo ibi tí ìsọ̀ dúró sí. Wọ́n sọ pé àṣẹ láti gbé kíóòsì kalẹ̀ ní ìwé tirẹ̀, ibi tí wọ́n sì fún èèyàn ni wọ́n máa ń kọ sínú rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ilẹ̀ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni, káńsù kò lè fi tíkẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ di ti ẹnikẹ́ni. Àwọn ọlọ́jà ṣì ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ilé bàbá mi ti wà kí òfin tó dé ńkọ́?

Agbo ilé tó yí ààfin Ṣọ̀ún ká, àti àwọn tó wà láàárín ìlú Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tó gba pláànù fún wọn nígbà tí wọ́n mọ ọ́n. Ọ̀rọ̀ máa ń yí padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá wó o láti tún un kọ́, tàbí tí wọ́n bá gbé àjà lé e, tàbí tí wọ́n bá la iwájú rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù. Kíkọ́ tuntun ni gbogbo ìyẹn lójú òfin. Àwọn mọ̀lẹ́bí kò gba èyí tọkàntọkàn. Ní tiwọn, ilẹ̀ kò yí padà, ẹni tó ni ín kò yí padà.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní London tún máa ń mú òfin ibẹ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà: pé tí ilé bá ti lo ọdún mẹ́wàá tí káńsù kò sọ nǹkan, ó ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní England, láti ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2024. Ọdún mẹ́rin ló jẹ́ fún ilé kíkọ́ kó tó di ìgbà náà. Níbẹ̀, káńsù fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìwé, òun ló ń ṣọ́ ẹni tó rú u, kíkọ́lé láìgba àṣẹ kì í sì í sábà jẹ́ ọ̀ràn ọ̀daràn fúnra rẹ̀, àfi tí èèyàn bá kọ̀ láti ṣe ohun tí ìwé káńsù ní kó ṣe. Òfin tiwọn nìyẹn, fún ilẹ̀ tiwọn. Ẹni tó bá fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn ń ṣì í lọ́nà.

Kí ló wà nínú rẹ̀ tí ìjọba fi ń le koko?

Ìbàdàn ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún àkúnya, ó lé ní 200 èèyàn tó bá a lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, omi tún ṣe é, ẹ̀mí tó lọ lé ní 100, àwọn afárá sì já. Ilé tó jókòó sójú omi wà lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi nígbà méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ti Bódìjà, ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024: ìjọba ìpínlẹ̀ ní ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó sínú ilé kan láàárín ilé gbígbé ló bú. Àpẹẹrẹ tí àwọn Town Planning ń mú wá nìyẹn nígbà tí èèyàn bá bi wọ́n pé kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú ohun tí òun ń ṣe nínú ilé òun.

Àwọn tó ń takò wọ́n kò jiyàn pé omi kì í pànìyàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilé olówó náà wà lójú omi, a kì í sì rí X lára wọn. Pé ìgbà tí ilé bá parí tán ni òṣìṣẹ́ máa ń yọjú, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀.

Tó bá jẹ́ tèmi ni wọ́n kùn ńkọ́?

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ wá orúkọ ọ́fíìsì tó wà lórí ìwé. Tí kò bá sí ìwé, ọ́fíìsì Town Planning ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ débẹ̀, kí ẹ béèrè bóyá tiwọn ni. Ẹ fi lẹ́tà dá ìwé wọn lóhùn kí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ tó pé, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Owó ìjọba ní rìsíìtì. Ẹni tó bá gbà pé wọ́n ṣi òun mú ní ẹ̀tọ́ sí ìgbọ́ràn lábẹ́ apá 36 ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Dìkírì 1992 tiẹ̀ dá ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ ètò ìlú sílẹ̀ fún irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò sì máa ń gba Ilé-Ẹjọ́ Gíga lọ, èyí tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí àti ní Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ kí wọ́n má tíì wó o rọrùn láti pè ju ẹjọ́ gbà-má-bínú lọ, nítorí ìjọba á ní kò sí gbà-má-bínú fún ilé tí kò ní ìwé.

Onílé àdúgbò wa lọ sí ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ kejì. Town Planning ni. Òṣìṣẹ́ méjì wá pẹ̀lú téèpù, ọ̀kan di orí rẹ̀ mú lẹ́bàá fẹ́ńsì aládùúgbò, ìkejì fà á dé ìdí àtẹ̀gùn tó wà níta. Kò tó mítà kan. Iwájú ilé dára, ẹ̀yìn dára, àtẹ̀gùn yẹn ni ẹ̀sùn. Wọ́n ní kó gbé e wọlé, kó wá gba pláànù, kó san ìtanràn tó wà lórí rẹ̀. Àtẹ̀gùn ti wọ inú ilé báyìí, ó jẹ iyàrá kan nísàlẹ̀, ó jẹ ọ̀kan lókè, akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ti sanwó sílẹ̀ sì ti gba owó wọn padà. X náà ṣì wà lára ògiri. Ìyá ẹlẹ́wà ti fi aṣọ tábìlì rẹ̀ sá bò ó.